Ṣé gíga nìkan ló sọ Zdeno Chára di èèyàn ńlá nínú họ́kì?

Bàbá kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje ló ti ń gbá họ́kì orí yìnyín. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ó dédé ga fíofío, ó ti ga jù mí lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kọ́ ara wọn bó bá wà lórí yìnyín. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní kí n kúkú mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ọmọ náà fárígá. Ó ní ará Slofákíà kan wà tó ń jẹ́ Chára, tó ga ju gbogbo wọn lọ, tó sì gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Chára yìí? Ṣé gíga rẹ̀ ló gbé e dé ibi tó dé?"

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín kò parọ́. Ohun tó ṣeé ṣe kó máà tíì mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sọ fún yín yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún Chára fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, nílùú tí wọ́n ti bí i. Wọ́n ní ó ti ga jù, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Nítorí náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ìdáhùn mi ni pé rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù ni gíga yẹn jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rù ú ni, ó sì pẹ́ púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rù.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1977 ni wọ́n bí i ní Trenčín, ìlú kan létí odò Váh ní ìwọ̀ oòrùn Slofákíà, tí ilé olódi àtijọ́ kan dúró lórí àpáta lókè rẹ̀. Tsẹkoslofákíà ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Oníjàkadì ni bàbá rẹ̀, Zdeněk. Ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíńpíìkì Montreal lọ́dún 1976, nínú irú ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní Greco-Roman, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ di ẹnìkejì rẹ̀ mú lẹ́sẹ̀: láti ìbàdí sókè ni gbogbo ìjà náà. Ìdárayá àwọn oníjàkadì ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Kó dì mọ́ irin kó fa ara rẹ̀ gòkè, kó sáré, kó gun kẹ̀kẹ́, kó tún un ṣe lọ́la. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí Chára ti lé ní ogójì ọdún, òun náà ni àwọn ọmọ ogún ọdún tí wọ́n jọ wà ní Boston ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ara.

Ní Trenčín, ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ ń fẹ́ wọ̀ ni Dukla. Orúkọ tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ àwọn ológun ní Tsẹkoslofákíà àtijọ́ ni Dukla, ti Trenčín sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ họ́kì tí òkìkí rẹ̀ kàn: Pavol Demitra kọjá níbẹ̀, Marián Hossa kọjá níbẹ̀, Marián Gáborík náà kọjá níbẹ̀. Níbi tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, ọmọ gíga gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà kì í jẹ oyè. Wọn kò rí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ohun tí wọ́n rí nígbà yẹn ni wọ́n fi ṣèdájọ́, ohun tí wọ́n rí náà kò sì dára.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí òun ló kan ọmọ yín jù. Ẹ wo irin tó wà lábẹ́ bàtà họ́kì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Lórí irin tín-ín-rín yẹn ni èèyàn ti ń sáré, tó ń yí, tó ń sáré sẹ́yìn, tí ẹlòmíràn sì ń fi èjìká kọ lù ú. Bí àyà èèyàn bá ṣe jìnnà sílẹ̀ tó ni ara rẹ̀ ṣe ń fì tó. Ẹni kúkúrú á tẹ orúnkún díẹ̀, á sì ti yí. Ẹni gíga ní láti tẹ̀ wálẹ̀ gan-an kó tó lè yí láìṣubú, títẹ̀ yẹn sì ń jẹ itan lágbára. Róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá tún wà nílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá fún ẹni gíga ní ọ̀pá tó bá ẹni kúkúrú mu, á dà bí àgbàlagbà tó ń fi ìgbálẹ̀ wa gbá àgbàlá tó tóbi: ẹ̀yìn á tẹ̀, ojú á kọ sílẹ̀, kò sì ní rí ẹni tó ń bọ̀ wá gbá a ṣubú.

Ọmọ tó ṣì ń dàgbà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Eegun ẹsẹ̀ á ti gùn kí iṣan tó lágbára tó láti darí rẹ̀, kí ọpọlọ sì tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti gùn. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, kò ní mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dún yìí. Èyí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń wò tó fi máa ní ọmọ kò ní ẹ̀bùn. Mo ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó pọ̀, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ọdún méjì péré ni ọ̀pọ̀ wọn ì bá fi sùúrù dúró dè.

Chára kò gbà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993, Tsẹkoslofákíà pín sí méjì. Àwọn Tsẹ́ẹ̀kì ló jogún àyè tó wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ńlá nínú ìdíje àgbáyé. Slofákíà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jọ gba góòlù pẹ̀lú wọn, wá lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀rí kẹta. Wọ́n jáwé olúborí níbẹ̀ lọ́dún 1994, wọ́n borí ní ìsọ̀rí kejì lọ́dún 1995, ó sì di 1996 kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Chára nígbà tí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí àyè kò gbà á ní Trenčín, ó kọjá sí Prague, ó lọ gbá fún àwọn ọ̀dọ́ Sparta ní sáà 1995 sí 1996.

Lọ́dún 1996 náà ni orúkọ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà ti Amẹ́ríkà òun Kánádà, NHL, máa ń tò láti mú àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. New York Islanders mú Chára gẹ́gẹ́ bí ẹni 56, ní ìpele kẹta. Kí wọ́n tó jẹ́ kó bá àwọn àgbà gbá, ó lo sáà kan ní Prince George, ìlú kan ní àríwá British Columbia ní Kánádà, láàárín àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gíga ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 9, tí kò mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú òtútù ìlú tí kò mọ ẹnì kan. Òní ló ń gbọ́ Slofákì, Tsẹ́ẹ̀kì, Pólíṣì, Rọ́ṣíà, Jámánì, Swídìn àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣà kíkọ́ èdè náà ti wọ̀ ọ́ lára, nígbà tó rí ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn wà láàárín àwùjọ láìlè sọ̀rọ̀.

Ó wọ NHL lọ́dún 1997. Kò tíì sí ẹni tó ga tó o nínú ìtàn líìgì náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe ní Islanders láàárín sáà mẹ́rin: ìdíje 231, àmì ayò 6. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó dènà, síbẹ̀ 6 kéré. Àwọn tó ń wò ó rí ọkùnrin gàgàrà tó lè ti èèyàn ṣubú, wọn kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gíga bá tó fún èèyàn láti di ìràwọ̀, ọdún mẹ́rin yẹn ni ì bá ti hàn.

Lóṣù kẹfà ọdún 2001, Islanders fi í ṣe pààrọ̀. Wọ́n fẹ́ Alexei Yashin, gbajúmọ̀ atamátàsé Rọ́ṣíà tó wà ní Ottawa. Kí Ottawa tó yọ̀ǹda Yashin, Islanders fún wọn ní Chára, wọ́n fún wọn ní Bill Muckalt, wọ́n tún fún wọn ní àyè kejì nínú mímú àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún yẹn, èyí tí Ottawa fi mú Jason Spezza. Islanders wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú Yashin, mílíọ̀nù dọ́là 87.5. Nígbà tó máa di 2007, wọ́n ti sanwó fún Yashin kó máa lọ, nígbà tí Spezza ti di òpómúléró Ottawa. Àwọn tó ń kọ ìtàn họ́kì máa ń ka pààrọ̀ yìí mọ́ èyí tó burú jù lọ, èmi náà sì fara mọ́ wọn. Àmọ́ nínú gbogbo ariwo yẹn, ohun tí wọ́n kì í sábà sọ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe pààrọ̀ náà, ẹni ìkejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ka Chára sí nínú ẹrù tí wọ́n dì.

Ottawa ni ó ti di agbáhọ́kì. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó gbá àmì ayò 10 wọlé, ìyẹn ju gbogbo èyí tó gbá ní ọdún mẹ́rin ní Islanders lọ. Nígbà tó di sáà 2003 sí 2004, ó ti di 16, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta tó kù sẹ́yìn fún ẹ̀bùn Norris, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ọwọ́ ẹ̀yìn tó dára jù lọ lọ́dún. Kí ló yí padà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ gígùn ara rẹ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré sẹ́yìn pẹ̀lú orúnkún títẹ̀. Ó sì ti wá mọ ohun tí ọ̀pá gígùn wà fún. Ìwé òfin NHL fi íńṣì 63 ṣe òpin gígùn ọ̀pá, ṣùgbọ́n ó fàyè gba ẹni tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti lo èyí tó gùn tó íńṣì 65. Pẹ̀lú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ó lè dúró síbì kan kó dí ọ̀nà tí ẹni méjì máa ń dí. Ẹni tó ń bọ̀ á rò pé àyè wà, á ti róbà síwájú, ọ̀pá Chára á sì ti wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń dènà kò mú ariwo dání rárá, ẹni tí kò bá mọ eré náà kò tiẹ̀ ní kíyè sí i.

Ariwo wà nínú bó ṣe ń gbá róbà ní tirẹ̀. Nínú irú gbígbá yẹn, ọ̀pá máa kọ́kọ́ lu yìnyín ní ẹ̀yìn róbà díẹ̀, á tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà, á wá fẹ́ padà, fífẹ́ yẹn ló ń fi róbà ránṣẹ́. Apá gígùn, ọ̀pá gígùn, ọ̀pá tó le gan-an, àti àyà ọmọ oníjàkadì. Níbi ìdánrawò àwọn ìràwọ̀ ní Ottawa lọ́dún 2012, wọ́n wọn èyí tó gbá: máìlì 108.8 láàárín wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 175. Ọdún 1993 ni Al Iafrate ti gbá 105.2, kò sí ẹni tó kọjá rẹ̀ títí Chára fi gbá 105.4 lọ́dún 2009.

Lọ́dún 2006, ìwé àdéhùn rẹ̀ parí. Ottawa kò lówó tó láti di òun àti Wade Redden, ọwọ́ ẹ̀yìn bíi tirẹ̀, mú pọ̀, wọ́n sì yan Redden. Ọjọ́ kìíní oṣù keje, Boston Bruins fún un ní ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù dọ́là 37.5, wọ́n sì fi í ṣe balógun. Ẹgbẹ́ tó ti túká ló bá: ní sáà tó ṣáájú ni wọ́n ti fi Joe Thornton, balógun wọn, ṣe pààrọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ burú. Bruins kò dé ìpele kò-mẹsẹ̀-yọ, ó sì hàn gbangba pé Chára fẹ́ ṣe iṣẹ́ gbogbo èèyàn mọ́ tirẹ̀. Mo wà lára àwọn tó sọ nígbà yẹn pé owó náà ti pọ̀ jù. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Claude Julien dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2007, ó tò wọ́n, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn Chára sì wá ní ààlà. Lọ́dún 2009, ó gba ẹ̀bùn Norris. Kò sí ọmọ Slofákíà kankan tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo kà sí iṣẹ́ ńlá jù lọ tó ṣe, ipò balógun yẹn ni, ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn agbáhọ́kì fi ń pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, "rookie". Ó jẹ́ orúkọ yẹ̀yẹ́ díẹ̀, àṣà sì ni pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ru ẹrù, tí wọ́n á máa fi ṣe ẹlẹ́yà títí yóò fi dàgbà. Chára kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà ní yàrá tí wọ́n ti ń múra. Ẹni ọdún méjìdínlógún tàbí méjìdínlógójì, agbáhọ́kì Bruins ni gbogbo wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ti lé lọ́mọdé mọ bí ó ti ń rí lára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Boston, ọmọ Trenčín ni àgbà náà.

Ní ìpele kò-mẹsẹ̀-yọ, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú eré méje ló ń kọjá. Lọ́dún 2010, Bruins borí Philadelphia lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, wọ́n nílò ẹyọ kan péré sí i, wọ́n sì pàdánù mẹ́rin tó kù. Nínú eré keje, wọ́n tún ti ṣáájú pẹ̀lú àmì ayò 3 sí òdo kí wọ́n tó pàdánù 4 sí 3. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Wọn kò fọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n bá Vancouver Canucks lọ dé eré keje, wọ́n sì lọ nà wọ́n 4 sí òdo nínú ilé wọn lọ́jọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2011. Ọdún 1972 ni Boston ti gba ife Stanley, ife ẹ̀yẹ NHL, kẹ́yìn. Chára ló kọ́kọ́ gbé e sókè, ọmọ Slofákíà àkọ́kọ́ tó gbé e gẹ́gẹ́ bí balógun, àti ẹnìkejì péré láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ họ́kì ní Yúróòpù, lẹ́yìn Nicklas Lidström ti Swídìn. Ife náà wúwo bíi kìlógíráàmù 15. Nígbà tí ọkùnrin yẹn gbé e sókè orí, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dùn. Lóṣù kẹta ọdún 2011 yẹn kan náà, ní Montreal, Chára ti Max Pacioretty, agbáhọ́kì Montreal, mọ́ ògiri, orí ọmọ náà sì lọ gbá òpó tó wà ní ìkángun ibi tí àwọn agbáhọ́kì máa ń jókòó sí. Eegun ọrùn rẹ̀ sán, ọpọlọ rẹ̀ mì. Wọ́n lé Chára jáde nínú eré náà, ṣùgbọ́n NHL kò fi í jókòó fún ọjọ́ kan. Àwọn ọlọ́pàá Montreal ṣèwádìí, kò sì já sí ẹjọ́. Èrò tèmi ni pé kò gbèrò láti pa á lára, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n fi í jókòó, torí ẹni tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òpó wà. Ẹ sọ èyí náà fún ọmọ yín. Pacioretty padà sórí yìnyín ní sáà tó tẹ̀ lé e, NHL sì yí gíláàsì ibẹ̀ padà, wọ́n ṣe é ní kọrọdọ kí orí ẹnikẹ́ni má baà kàn án ní gbọnrangandan.

Ní ti Slofákíà, adùn àti ìbànújẹ́ lọ pọ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 2000 nígbà tí wọ́n gba fàdákà ìdíje àgbáyé ní St. Petersburg. Ní 2002, tí Peter Bondra gbá àmì ayò tó ṣẹ́gun Rọ́ṣíà 4 sí 3 ní Gothenburg, tí wọ́n gba góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n tíì gbà, Chára kò sí níbẹ̀; òun àti Ottawa ṣì wà nínú ìpele kò-mẹsẹ̀-yọ. Ní Òlíńpíìkì Vancouver lọ́dún 2010, ipò kẹrin ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ẹgbẹ́ họ́kì Lokomotiv já nítòsí Yaroslavl ní Rọ́ṣíà, Pavol Demitra sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Chára ni. Lóṣù karùn-ún ọdún 2012, Chára balógun kó àwọn ọmọ Slofákíà lọ sí ìdíje àgbáyé, wọ́n nà àwọn Tsẹ́ẹ̀kì, wọ́n dé àṣekágbá ní Helsinki. Rọ́ṣíà lù wọ́n 6 sí 2, Chára ló sì gbá méjèèjì ti Slofákíà wọlé. Nígbà tí wọ́n ń fi fàdákà kọ́ wọn lọ́rùn, ẹ̀wù Demitra, nọ́ńbà 38, ló wọ̀. Pápá yìnyín Trenčín ń jẹ́ orúkọ Demitra lónìí.

Ọdún 2019 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń rántí rẹ̀ ní Boston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gba ife náà. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Nínú eré kẹrin àṣekágbá pẹ̀lú St. Louis Blues, róbà gbá a lẹ́nu, eegun àgbọ̀n rẹ̀ fọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú irin àti wáyà lẹ́nu, tó fi agò bo ojú pátápátá, ó jáde fún eré karùn-ún. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn kò dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Wọ́n pàdánù eré náà 2 sí 1, wọ́n sì pàdánù ife ní eré keje. Kò ní kí ẹnikẹ́ni káàánú òun.

Lẹ́yìn Boston ó lo sáà kan ní Washington, ó sì padà sí Islanders, àwọn tó kọ́kọ́ mú un. Lóṣù kejì ọdún 2022, ó kọjá ìdíje 1,651 tí Chris Chelios fi jẹ́ ẹni tó gbá jù lọ láàárín àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn nínú ìtàn NHL. Ibi tó dúró sí ni 1,680, pẹ̀lú àmì ayò 209. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọjọ́ kan pẹ̀lú Boston kó lè fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọmọ Bruins, ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2023, ó sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin Boston ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Ọdún 2025 ni wọ́n gbà á sí Gbọ̀ngàn Ògo Họ́kì ní Toronto, níbi tí àwọn ọmọ Slofákíà bíi Stan Mikita, Peter Šťastný àti Hossa, ọmọ Dukla bíi tirẹ̀, ti ṣáájú rẹ̀.

Ó ku ọmọ yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀pá rẹ̀. Kó wọ bàtà onírin, kó dúró ṣánṣán, kó gbé orí ọ̀pá náà kalẹ̀: kó dé àgbọ̀n rẹ̀ tàbí kó kọjá díẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹ̀yìn lè lo èyí tó gùn jù. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé èyí tó ń lò báyìí ni ẹ rà nígbà tó ṣì kúrú. Ẹ tún wá ẹni tó ń kọ́ni ní rírìn lórí yìnyín nìkan, láìsí róbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀: yíyí, sísáré sẹ́yìn, títẹ orúnkún. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kò bá lè fún un ní ọdún méjì, ẹ bi í bóyá ó mọ ẹni tó lè fún un. Bó bá sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù agbọ̀n fúnra rẹ̀, kó gbá a, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun ló yàn án.

Ẹ wá fídíò eré keje ti 2011 yẹn, kí ẹ jọ wò ó. Ẹ ní kó má wo róbà. Nọ́ńbà 33 ni kó máa tẹ̀ lé, orúnkún rẹ̀ nìkan, kó sì kà iye ìgbà tí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́.